Láísẹ́ǹsì Ìdójútòfò ní Houston: Òfin Tí Òfò Bí

Ní Houston, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ta ìdójútòfò, èyí tí àwọn ará ọjà ń pè ní inṣọ́ránsì, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Texas. Àṣẹ náà kì í ti Washington wá, kì í sì í ṣe gbọ̀ngàn ìlú Houston ló ń fúnni. Austin ni orísun rẹ̀, níbi tí Texas Department of Insurance fìdí kalẹ̀ sí. Ajẹ́ńtì tó ń ta ti ọkọ̀ ní òpópónà Bissonnet, iléeṣẹ́ ńlá tó ń dójú tòfò fún ẹ̀rọ tí ń wa epo nínú òkun, ẹni tó ń gun òrùlé láti díwọ̀n ohun tí ìjì bà jẹ́, abẹ́ ọ́fíìsì kan náà ni gbogbo wọn wà. Òfin tó dè wọ́n kò jáde lọ́jọ́ kan. Ó ti tó nǹkan bí àádọ́jọ ọdún tó ti ń kóra jọ, bí èèyàn bá sì tọ ipasẹ̀ rẹ̀, yóò rí i pé ẹ̀yìn òfò kan tàbí ìwà ìrẹ́jẹ kan ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti wá.

Ètò yìí máa ń ṣàjèjì sí ọmọ Nàìjíríà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Nílé, àjọ kan ṣoṣo, NAICOM, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1997, ló ń fún gbogbo iléeṣẹ́ adójútòfò láṣẹ, yálà Èkó ni wọ́n wà tàbí Kánò. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀, ìdí rẹ̀ sì wà nínú ẹjọ́ kan tí wọ́n dá ní 1869. Ajẹ́ńtì kan tó ń jẹ́ Samuel Paul, ní ìlú Petersburg ní ìpínlẹ̀ Virginia, ń ta ìdójútòfò iná fún àwọn iléeṣẹ́ New York. Òfin Virginia sọ pé iléeṣẹ́ tó bá ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá gbọ́dọ̀ fi owó ìdúró sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba kí ajẹ́ńtì rẹ̀ tó rí láísẹ́ǹsì gbà. Àwọn iléeṣẹ́ náà kò fi nǹkan kan sílẹ̀, ìjọba kò sì fún Paul láṣẹ, síbẹ̀ ó ń tà. Wọ́n bu owó ìtanràn 50 dọ́là lé e. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ, àwọn adájọ́ ní ìwé ìdójútòfò kì í ṣe ọjà tí wọ́n ń kó láti ìpínlẹ̀ kan dé òmíràn, nítorí náà agbára ìjọba àpapọ̀ lórí káràkátà láàárín àwọn ìpínlẹ̀ kò kàn án. Ìdájọ́ yìí fi okùn iṣẹ́ náà lé àwọn ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ fún ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Ní 1871, àwọn alábòójútó láti oríṣiríṣi ìpínlẹ̀ pàdé ní New York kí òfin wọn má baà máa ta kora. Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ nígbà náà ni NAIC tó ṣì wà títí di òní.

Texas dá ọ́fíìsì tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1876. Orúkọ tí wọ́n fún un fi hàn bí iṣẹ́ náà ṣe kéré lójú ìjọba nígbà náà: Department of Insurance, Statistics and History. Ọ́fíìsì kan náà ló ń ṣàkóso ìdójútòfò, tó ń kó iye àwọn nǹkan inú ìpínlẹ̀ jọ, tó sì ń tọ́jú ìwé ìtàn. Ní 1887 wọ́n tún fi iṣẹ́ àgbẹ̀ kún un. Ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kò pọ̀: kí ó fi hàn pé owó ìdókòwò rẹ̀ wà lọ́wọ́, kí ó máa mú ìṣirò wá lọ́dọọdún, kí ó sì gba ìwé ẹ̀rí kó tó ta ohunkóhun. Houston fúnra rẹ̀ ṣì kéré. Ìkànìyàn 1880 rí 16,513 èèyàn níbẹ̀, òwú, igi àti ọkọ̀ ojú irin ló sì ń gbé ìlú ró. Iná ni ẹ̀rù tó ń ba oníṣòwò òwú jù, ọwọ́ àwọn iléeṣẹ́ New York, Hartford àti London ni ọ̀pọ̀ wọn sì ti ń ra ààbò.

Ìjì Galveston ti ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 1900 pa ó kéré tán 6,000 èèyàn ní erékùṣù tí kò jìnnà sí Houston. Kò tíì sí àjálù ojú ọjọ́ kankan ní Amẹ́ríkà tó pa èèyàn tó bẹ́ẹ̀. Ìyípadà ńlá àkọ́kọ́ nínú òfin ìdójútòfò Texas kò ti ọ̀dọ̀ ìjì náà wá, ọ̀rọ̀ owó ló fà á. Àwọn iléeṣẹ́ ìdójútòfò ẹ̀mí ní New York ń gba owó lọ́wọ́ ará Texas lọ́dọọdún, wọ́n sì ń kó o lọ yá àwọn ará Ìlà Oòrùn. Àgbẹ̀ Texas tó ń sanwó kò rí nínú rẹ̀ yá. Nígbà tí ìwádìí Armstrong ní 1905 tú àṣírí bí àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ New York ṣe ń ná owó oníbàárà bó ṣe wù wọ́n, tí wọ́n tún ń fi lára rẹ̀ ra ojúrere olóṣèlú, ìbínú ará Texas gbóná sí i.

Ní 1907, lábẹ́ gómìnà Thomas Campbell, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin gbé òfin Robertson jáde. Òfin náà ní iléeṣẹ́ ìdójútòfò ẹ̀mí tó bá fẹ́ ṣòwò ní Texas gbọ́dọ̀ fi ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìpamọ́ tó wà fún àwọn oníbàárà Texas dókòwò sí inú Texas. Nǹkan bí ogún iléeṣẹ́ láti òde kó ẹrù wọn, wọ́n bínú lọ. Àwọn kan rò pé ìpínlẹ̀ náà ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀, pé kò ní sẹ́ni tí yóò dójú tòfò fún ẹ̀mí èèyàn mọ́. Àwọn oníṣòwò ìlú rí àyè tó ṣófo, wọ́n sì wọlé síbẹ̀. Ní Houston, wọ́n dá Great Southern Life sílẹ̀ ní 1909. American National ti wà ní Galveston láti 1905, ọwọ́ W. L. Moody Kékeré ni, òun náà sì gbòòrò sí i. Owó tí ìbá ti lọ sí New York wá dúró sílé, wọ́n fi kọ́lé, wọ́n sì yá a fún àgbẹ̀. Ọdún 1963 ni wọ́n tó pa òfin Robertson rẹ́. Ohun tó wà nínú ìwé àṣẹ lè pinnu ibi tí owó ìlú yóò gbé sùn. Texas lóye èyí ní 1907, ó sì jàǹfààní rẹ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta.

Ọdún 1907 kan náà ni wọ́n yọ iṣẹ́ àgbẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ọ́fíìsì náà, tí wọ́n so ìdójútòfò pọ̀ mọ́ báńkì. Ti iná tẹ̀ lé e. Àwọn iléeṣẹ́ ìdójútòfò iná máa ń fohùn ṣọ̀kan lórí iye tí wọn yóò gbà, oníbàárà kò sì ní ibòmíràn tí yóò gbà. Ní 1909, ìpínlẹ̀ dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti máa wo iye owó iná. Wọ́n yí i padà ní 1910, wọ́n sì tún yí i padà ní 1913. Láàárín ìgbà yẹn ni iná tó tóbi jùlọ nínú ìtàn Houston ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù kejì ọdún 1912, afẹ́fẹ́ àríwá gbé iná gba Fifth Ward kọjá, ó jó ilé, ilé ìkẹ́rù àti àìmọye ìdì òwú. Lábẹ́ ètò tí ìpínlẹ̀ gbé kalẹ̀, ìlú kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀, èyí tí bí omi, panápaná àti òfin ilé kíkọ́ ìlú náà bá ṣe rí ń pinnu. Ìlú tó bá tún panápaná rẹ̀ ṣe, àwọn ará ibẹ̀ yóò san owó tó dín. Ètò ìwọ̀n yìí wà títí di apá ìparí ọ̀rúndún ogún.

Kì í ṣe iléeṣẹ́ nìkan ló ń dójú tòfò. Àwọn iléeṣẹ́ aláwọ̀ funfun máa ń gba owó tó ju ti ẹlòmíràn lọ lọ́wọ́ àwọn ará dúdú, tàbí kí wọ́n kọ̀ wọ́n pátápátá. Àwọn ará dúdú Houston gbára lé ẹgbẹ́ tiwọn. Ọmọ ẹgbẹ́ yóò máa dá owó díẹ̀díẹ̀, bí àìsàn bá dá a dúbúlẹ̀ tàbí tó bá kú, ẹgbẹ́ yóò gbé owó kalẹ̀ fún ìtọ́jú tàbí ìsìnkú. Ẹni tó bá mọ àjọ àti èésú mọ ìpìlẹ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀: ìgbẹ́kẹ̀lé láàárín àwọn tó mọ ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Ancient Order of Pilgrims, lágbára débi pé ó kọ́ ilé ńlá kan sí Fourth Ward ní 1926, wọ́n pè é ní Pilgrim Building, ibẹ̀ ni dókítà, agbẹjọ́rò àti oníṣòwò dúdú ti ń gba yàrá. Òfin Texas fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìlànà tirẹ̀, ọ̀tọ̀ sí ti iléeṣẹ́ olówò, nítorí ẹgbẹ́ kì í wá èrè fún onípìn-ín. Síbẹ̀ ó ní kí wọ́n forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n sì máa mú ìṣirò wá.

Ọdún 1926 kan náà ni Gus Wortham dá American General sílẹ̀ ní Houston, pẹ̀lú Jesse Jones, James Elkins àti John Link.  Wortham àti bàbá rẹ̀ ló dá iléeṣẹ́ ajẹ́ńtì John L. Wortham & Son sílẹ̀ ní 1915. Ohun tó mú iléeṣẹ́ tuntun náà yàtọ̀ wá láti inú òfin. Ní New York, iléeṣẹ́ tó bá ní àṣẹ iná kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ti ìjàǹbá ọkọ̀ tàbí ti òṣìṣẹ́. Ọ̀tọ̀ ni láísẹ́ǹsì kọ̀ọ̀kan, ó sì di 1949 kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ pátápátá níbẹ̀. Texas gbà kí iléeṣẹ́ kan ṣe méjèèjì. American General jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tó ta oríṣiríṣi lábẹ́ òrùlé kan. Ó dàgbà débi pé AIG ra á ní 2001 ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 23 dọ́là.

Agbára àwọn ìpínlẹ̀ mì díẹ̀ ní 1944, nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ yí ohùn padà nínú ẹjọ́ South-Eastern Underwriters, tó ní òwò láàárín ìpínlẹ̀ ni ìdójútòfò. Kò pé ọdún kan tí ilé aṣòfin àpapọ̀ fi gbé òfin McCarran-Ferguson jáde ní 1945, tó dá àṣẹ padà fún àwọn ìpínlẹ̀. Lórí òfin yẹn ni láísẹ́ǹsì Texas dúró lé títí di òní.

Àmọ́ àṣẹ wà lọ́wọ́ Texas, ojú ìṣọ́ ni kò tó. Láàárín 1940 sí 1955, ó rọrùn jù láti dá iléeṣẹ́ adójútòfò sílẹ̀ níbẹ̀, owó tí òfin ń béèrè kò pọ̀, iléeṣẹ́ sì ń yọ bí olú òjò. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Ní oṣù kejìlá ọdún 1955, U.S. Trust and Guaranty ti ìlú Waco dẹnu kọlẹ̀, owó ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì há síbẹ̀. Kò pẹ́ tí ti ICT náà tẹ̀ lé e ní Dallas, iléeṣẹ́ tí BenJack Cage fi owó àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ dá sílẹ̀. Wọ́n dá Cage lẹ́bi ìkówójẹ, ó sì sá lọ sí Brazil. Orúkọ tí Yorùbá fún iṣẹ́ yìí, ìdójútòfò, ti sọ ohun tó yẹ kó ṣe, pé kó dójú ti òfò. Nígbà tí iléeṣẹ́ bá wó, oníbàárà ni òfò ń dójú tì. Ilé aṣòfin túká ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìdójútòfò tẹ́lẹ̀ ní 1957, wọ́n gbé State Board of Insurance kalẹ̀, wọ́n gbé owó ìdókòwò tí òfin ń béèrè sókè, wọ́n sì fún àwọn olùyẹ̀wò lágbára láti ṣí ìwé ìṣirò. Ìgbìmọ̀ yìí wà títí di àtúntò ọdún 1991 àti 1993, nígbà tí Texas Department of Insurance gba ipò rẹ̀, tí kọmíṣánnà kan ṣoṣo sì di olórí.

Houston ní ìṣòro kan tí àwọn ìlú mìíràn ní Texas kò ní tó o. Iléeṣẹ́ epo, ilé ìfọpo àti ọgbà tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ òkun ṣe ní ewu tó tóbi débi pé iléeṣẹ́ tó ní láísẹ́ǹsì Texas kì í fẹ́ gbé e. Ìbúgbàù Texas City ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 1947, nígbà tí ọkọ̀ òkun Grandcamp gbiná pẹ̀lú ajílẹ̀ nínú rẹ̀, pa èèyàn 581. Ẹni tó ní irú iléeṣẹ́ tàbí ọgbà eléwu bẹ́ẹ̀ yóò wá ààbò lọ sí New York tàbí London. Ìjọba Texas rí i pé owó ń jáde láìsan owó orí, ó sì bu ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lé e. Todd Shipyards, tó ní ọgbà ọkọ̀ òkun ní Texas, kọ̀ láti san. Ní 1962 ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dá a láre: New York ni wọ́n ti ra ìwé náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti sanwó, àwọn tó tà á kò ní láísẹ́ǹsì Texas, wọn kò sì ní ajẹ́ńtì níbẹ̀. Ẹjọ́ yìí fi ibi tí ọwọ́ ìpínlẹ̀ kò dé hàn.

Ohun tí Texas ń ṣe báyìí ni pé ó di ajẹ́ńtì mú níwọ̀n ìgbà tí kò lè di iléeṣẹ́ òde mú. Ajẹ́ńtì tó bá fẹ́ bá oníbàárà wá ààbò lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tí kò ní láísẹ́ǹsì Texas gbọ́dọ̀ ní àṣẹ àkànṣe tí wọ́n ń pè ní surplus lines. Yóò gba owó orí ìdá 4.85 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ oníbàárà fún ìjọba, yóò sì sọ fún un pé bí iléeṣẹ́ náà bá wó, àpò ìrànwọ́ ìpínlẹ̀ kò ní san gbèsè rẹ̀. Houston ti di ojúkò irú iṣẹ́ yìí. HCC, tí Stephen Way dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1974, ti lágbára débi pé Tokio Marine ti Japan ra á ní 2015 ní bílíọ̀nù 7.5 dọ́là. Ní 2013 ni Texas tó fàyè gba iléeṣẹ́ ńlá láti dá adójútòfò tara rẹ̀ sílẹ̀ nílé, ohun tí àwọn iléeṣẹ́ epo ti ń lọ ṣe ní Bermuda láti ọjọ́ pípẹ́.

Láísẹ́ǹsì ajẹ́ńtì kékeré náà ti yí padà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, oríṣiríṣi ló wà, pẹ̀lú orúkọ tó ń da oníbàárà lójú rú: local recording agent, solicitor, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2001, òfin kó wọn jọ sí ìpín díẹ̀, èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni general lines, ọ̀kan fún dúkìá àti ìjàǹbá, èkejì fún ẹ̀mí àti ìlera. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀kan gbọ́dọ̀ pé ọdún 18, kó yege ìdánwò, kó tẹ ìka fún ìwádìí ìwà ọ̀daràn, kó sì san 50 dọ́là. Ọdún méjì ni láísẹ́ǹsì náà ń lò. Kí ọjọ́ tó pé, ajẹ́ńtì gbọ́dọ̀ ti kẹ́kọ̀ọ́ wákàtí 24, mẹ́ta nínú rẹ̀ lórí ìwà ọmọlúàbí lẹ́nu iṣẹ́. Òfin àpapọ̀ kan tó jáde ní 1994 fi kún un pé ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ ńlá tó jẹ mọ́ èrú kò gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ ìdójútòfò rárá, àyàfi tí kọmíṣánnà bá fọwọ́ sí i lákọsílẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gẹ́gẹ́ bí iléeṣẹ́ ní iṣẹ́ ìwé tó pọ̀ ju èyí lọ. Yóò kọ́kọ́ forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ìjọba ìpínlẹ̀ ní Austin. Bí ó bá jẹ́ pé òun nìkan ló ń dá a ṣe, tó sì fẹ́ lo orúkọ òwò, ọ́fíìsì akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ Harris, tí Houston wà nínú rẹ̀, ni yóò gbà lọ. Lẹ́yìn náà ni yóò tọrọ láísẹ́ǹsì fún iléeṣẹ́ náà, ọ̀tọ̀ sí ti ara rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rí pé ó lè san gbèsè àṣìṣe, yálà ìwé ìdójútòfò àṣìṣe iṣẹ́ tó tó 250,000 dọ́là tàbí oníduùró tó tó 25,000. Iléeṣẹ́ adójútòfò tí yóò máa bá tajà náà gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Austin gẹ́gẹ́ bí aṣojú. Ní Alief àti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Houston, níbi tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí, ohun tó yẹ kí gbogbo èèyàn mọ̀ ni pé láísẹ́ǹsì ìbátan tàbí ọ̀rẹ́ kò bo ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń ta ìdójútòfò láìní tirẹ̀ ti rú òfin, bí ó ti wù kí inú rẹ̀ mọ́ tó.

Apá tó le jùlọ ni ti àwọn adíwọ̀n-òfò, ìjì ló sì ń fà á. Bí ìjì bá jà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé yóò bà jẹ́ lọ́jọ́ kan, èèyàn tó lè díwọ̀n wọn kò sì ní tó. Òfin fàyè gba láísẹ́ǹsì pàjáwìrì ọjọ́ 90 fún àwọn tí iléeṣẹ́ adójútòfò bá dúró fún. Àwọn wọ̀nyí ń ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́. Onílé tó bá fẹ́ ẹni tí yóò bá a jà fún owó gbà-máà-bínú rẹ̀ kò rí ẹni kan tí òfin mọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ní 1991, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Houston dájọ́ pé ẹni tó bá ń gba owó láti bá onílé ṣàdéhùn pẹ̀lú iléeṣẹ́ adójútòfò ń ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò láìgba àṣẹ. Lẹ́yìn ìjì Allison ní oṣù kẹfà ọdún 2001, tí omi bo Houston, àti ìjà lórí ilé tó hu èbíbu tó gbilẹ̀ ní Texas lásìkò kan náà, ilé aṣòfin gbà ní 2003 pé kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní láísẹ́ǹsì tirẹ̀. Adíwọ̀n-òfò tí onílé gbà gbọ́dọ̀ fi oníduùró 10,000 dọ́là sílẹ̀, owó rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí onílé bá gbà lọ. Bí iléeṣẹ́ bá gbà láti san gbogbo owó tó wà nínú ìwé láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn tí wọ́n gbọ́, kò lè gba ìdá kankan nínú rẹ̀. Àkókò tó fi ṣiṣẹ́ nìkan ni wọn yóò sanwó rẹ̀ fún un.

Èyí kò tán ọ̀rọ̀ náà, nítorí àwọn oníṣẹ́ òrùlé. Lẹ́yìn ìjì kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn, wọ́n ń sọ fún onílé pé àwọn yóò tún òrùlé ṣe, àwọn yóò sì tún bá a bá iléeṣẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹni kan náà ló ń díwọ̀n òfò, òun náà ló ń gbowó àtúnṣe. Bí òfò bá ṣe tóbi tó ni èrè rẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó. Òfin 2013 sọ pé oníṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ ṣe méjèèjì lórí ilé kan náà. Iléeṣẹ́ òrùlé kan, Stonewater Roofing, pe ìjọba lẹ́jọ́, ó ní òfin náà tẹ ẹ̀tọ́ òun láti sọ̀rọ̀ lójú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Texas dá ìjọba láre. Wọ́n ní iṣẹ́ ni òfin náà ń ṣàkóso, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìdájọ́ náà tọ́. Oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 8 oṣù keje, ìjì Beryl wọ Houston, ó ya igi lulẹ̀, ó ṣí òrùlé, ó sì mú iná mọ̀nàmọ́ná kúrò ní ilé tó ju mílíọ̀nù méjì lọ. Onílé tó bá bá irú èèyàn bẹ́ẹ̀ pàdé lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lẹ́yìn ìjì lè wo orúkọ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì Texas Department of Insurance, kó mọ̀ bóyá ó ní láísẹ́ǹsì, kó tó buwọ́ lu ìwé kankan.